Bí A Ṣe Ń Kun Ojú Ìwé Kọ́míìkì Tí Olóòtú Kò Ní Dá Padà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Dá Iṣẹ́ Ṣe

Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ àwòrán kùn dáadáa ni iṣẹ́ kọ́míìkì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà máa ń bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé àwọ̀ wọn kò wuyì lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé olóòtú á ní kí wọ́n yí àwọ̀ aṣọ ẹnì kan padà nínú ìwé olójú 22, wọ́n á sì rí i pé àfi kí àwọn tún gbogbo rẹ̀ kùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Tàbí kí ìwé jáde láti ilé ìtẹ̀wé kí gbogbo òru inú ìtàn ti di dúdú kan ṣoṣo, kí etí àwọn ìlà dúdú tí ayàwòrán ti fà fún wa láti kùn sì máa yọ pupa àti búlúù. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni ìtọ́sọ́nà yìí yóò tẹ̀ lé, láti orí àdéhùn títí dé ìgbà tí owó bá wọlé, nítorí pé ẹni tó bá lè fi ojú ìwé kan jíṣẹ́ láìní àbùkù yóò lè ṣe 22.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

Kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ gigabyte 8 ṣeé bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 16 ló ń jẹ́ kí ọkàn ẹni balẹ̀, torí pé ní ìwọ̀n tí a óò lò nísàlẹ̀, léyà kan tí àwọ̀ bá kún ń gba nǹkan bí megabyte 100. Léyà ni mo ń pe àwọn ìpele tó tò lé ara wọn nínú fáìlì, tí a lè tan tàbí kí a pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Tábúlẹ́ẹ̀tì ìyàwòrán tó ní kálàmù tirẹ̀ pọn dandan. Èyí tí kò ní ojú àwòrán lára, yálà ti Wacom, Huion tàbí XP-Pen, tó fún iṣẹ́ yìí, mi ò sì rí ìdí tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ jẹ gbèsè nítorí èyí tó lójú.

Fáìlì Photoshop ni ọ̀pọ̀ olóòtú ń retí, oṣooṣù tàbí ọdọọdún ni a sì ń sanwó rẹ̀. Krita jẹ́ ọ̀fẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ ní CMYK, ìyẹn àwọ̀ yíǹkì ìtẹ̀wé, ó sì lè fi iṣẹ́ pamọ́ ní PSD, irú fáìlì ti Photoshop. Clip Studio Paint yára púpọ̀ fún títẹ́ àwọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n RGB, ìyẹn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ni ó ń lò lábẹ́nú, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó yóò nílò ọ̀kan nínú àwọn yòókù fún ìpele kẹfà. Orúkọ àwọn bọ́tìnì tí mo lò nísàlẹ̀ jẹ́ ti Photoshop.

Níbi tí iná kì í ti dúró, ẹ fi UPS tàbí inverter sáàárín kọ̀ǹpútà àti iná ọba, kí ẹ sì ṣètò kí fáìlì máa fi ara rẹ̀ pamọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ẹ tún ní dísìkì ìta kan fún ẹ̀dà ìpamọ́.

Ohun tí àwọn ènìyàn kì í béèrè ni ìwé ìtàn fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tí òǹkọ̀wé kọ ránṣẹ́ sí ayàwòrán. Ìlà dúdú kì í sọ bóyá ìdájí ni tàbí ìrọ̀lẹ́, kò sì ní sọ pé aṣọ tí ọmọbìnrin náà wọ̀ lójú ìwé kẹta ni ẹ̀jẹ̀ máa ta sí lójú ìwé kẹsàn-án. Ẹ gbà á kí ẹ tó ṣe ohunkóhun.

1. Ẹ fẹnu kò lórí iṣẹ́ náà

Iye owó ojú ìwé kan ni a fi ń ṣe àdéhùn iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó dá iye lé e, ẹ kun ojú ìwé méjì tó jọ èyí tí wọ́n fẹ́ gbé fún yín ní ìwọ̀n eré tí ẹ máa ń sá gan-an, kí ẹ sì kọ àkókò tí àwọ̀ pẹrẹsẹ (àwọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ tí kò tíì ní ìmọ́lẹ̀ àti òjìji) gbà, èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji gbà, àti èyí tí àtúnṣe gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Owó wákàtí yín, epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà ni yóò sọ iye tí ẹ kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù. Bí ẹ bá fẹ́ gbé àwọ̀ pẹrẹsẹ fún ẹlòmíràn ṣe, ẹ rántí pé inú owó tiyín ni owó ẹni náà yóò ti jáde.

Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, kódà bí ó bá jẹ́ ímeèlì lásán. Kí ó sọ iye ojú ìwé, iye owó, ohun tí wọn yóò san sílẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n lè béèrè àtúnṣe lọ́fẹ̀ẹ́ (ẹ̀ẹ̀mejì tó), iye ọjọ́ tí wọn yóò fi san ìyókù, àti ohun tí ẹ ó gbà bí wọ́n bá fagi lé iṣẹ́ láàárín ọ̀nà. Ní ti ẹ̀tọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ń kọ work for hire, èyí tó túmọ̀ sí pé tiwọn ni iṣẹ́ náà pátápátá. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún àyè láti máa fi ojú ìwé náà han àwọn oníbàárà mìíràn lẹ́yìn tí ìwé bá ti jáde. Ẹ tún kọ orúkọ yín bí ẹ ṣe fẹ́ kó jáde, torí pé fọ́ǹtì tí wọ́n ń lò lè ṣàìní ẹ àti ọ tó ní àmì lábẹ́, ó sì sàn kí wọ́n mọ̀ ṣáájú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú ni ọjọ́ ìfijíṣẹ́. Wọ́n á gbà láti parí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, ayàwòrán á sì pẹ́, ìlà á wá dé ní ọjọ́ kẹtàlá. Ẹ má ṣe gba ọjọ́ inú kàlẹ́ńdà. Ẹ gba iye ọjọ́ tí a óò bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ìgbà tí ìlà bá dé ọwọ́ yín.

Bí ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà bá ní kí ẹ kọ W-8BEN, fọ́ọ̀mù owó orí ni fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn tí kò sì gbé ibẹ̀. Ó máa ń wúlò títí di òpin ọdún kẹta lẹ́yìn ọdún tí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ojú ìwé kan fún ìdánwò láìgbowó kò burú, bí kò bá jẹ́ ohun tí wọ́n máa tẹ̀ jáde. Márùn-ún ti di iṣẹ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà ní ímeèlì yín kà. Bí kò bá lè dáhùn iye ojú ìwé, iye owó, ìgbà ìfijíṣẹ́ àti ìgbà ìsanwó, àdéhùn kò tíì pé.

2. Ẹ gba ìlà dúdú, kí ẹ sì to fáìlì

Ẹ béèrè fún TIFF tàbí PSD ní 600 dpi, ìyẹn iye píkísẹ̀lì (ẹyọ àmì àwọ̀) nínú ínṣì kan. Bí ayàwòrán bá fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán lórí WhatsApp, ẹ dá a padà, nítorí pé WhatsApp ti fún àwòrán náà kéré. Kí ó fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document tàbí kí ó gbé e sórí Google Drive. Títọwọ́ bọ 72 dpi láti sọ ọ́ di 600 kò dá ohun tó ti sọnù padà.

Ìwọ̀n ìwé kọ́míìkì Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí wọ́n bá gé e tán jẹ́ ínṣì 6.625 ní fífẹ̀ àti 10.25 ní gíga. A máa ń fi ínṣì 0.125 kún ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún etí tí abẹ yóò gé dànù, èyí tó sọ fáìlì di 6.875 sí 10.5. Ilé iṣẹ́ kan lè dín gíga náà kù díẹ̀, àwọn atẹ̀wé nílé lè ní A5 tàbí A4 ni àwọn fẹ́, nítorí náà ẹ gba àwòkọ́ṣe ìwọ̀n lọ́wọ́ olóòtú dípò kí ẹ fọkàn dá a. Ẹ fi Levels, tó ń ṣètò ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, jẹ́ kí bébà funfun gan-an, kí ẹ fi ìlà sórí léyà tirẹ̀ lókè pátápátá, kí ẹ yan Multiply fún un kí funfun rẹ̀ má bo àwọ̀ abẹ́, kí ẹ sì tì í pa. Kò sí àwọ̀ kankan tó gbọ́dọ̀ kan léyà yìí láéláé.

*Àyẹ̀wò:* Ní 600 dpi, Image Size gbọ́dọ̀ ka 4125 sí 6300. Ẹ da pupa sí abẹ́ ìlà: bí ẹ bá rí ìdọ̀tí tàbí àwọ̀ eérú níbi tó yẹ kó jẹ́ pupa nìkan, Levels kò tíì tó.

3. Ẹ tẹ́ àwọ̀ pẹrẹsẹ sílẹ̀

Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní flats, òun ni kò sì ní jẹ́ kí ẹ tún gbogbo ojú ìwé méjìlélógún kùn. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹwà. Ohun tí a fi ń ṣe é ni kí gbogbo nǹkan tó dá dúró, irun, ojú, ẹ̀wù, bẹ́líìtì, ògiri, ní àwọ̀ kan tí etí rẹ̀ mú, kí ẹ lè fi ìtẹ̀ kan ṣoṣo mú un nígbàkígbà.

Ẹ pa Anti-alias, ohun tó ń rọ etí àwọ̀, lára Lasso àti Magic Wand tí a fi ń yan apá kan àwòrán, àti lára Paint Bucket tí a fi ń da àwọ̀. Ẹ lo Pencil, kì í ṣe Brush, torí etí Brush máa ń rọ̀. Ẹ fi Tolerance Magic Wand sí 0, kí ó má baà mú àwọ̀ tó kàn jọ èyí tí ẹ tẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú: ojú ọ̀run àti ilẹ̀, ilé, àwọn ènìyàn tó jìnnà, kí ẹ tó kan àwọn tó wà níwájú. Kí àwọ̀ wọ abẹ́ ìlà títí dé àárín rẹ̀. Ẹni tó bá dúró létí ìlà yóò rí funfun tín-ín-rín yí gbogbo ènìyàn ká nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá parí, ẹ ṣe ẹ̀dà léyà náà, kí ẹ ti ojúlówó pa, kí ẹ sì máa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni kí ẹni tó bá yín ṣe flats fi JPEG ránṣẹ́. JPEG máa ń da píkísẹ̀lì tuntun sáàárín àwọ̀ méjì, Magic Wand kò sì ní lè mú ohunkóhun ní mímọ́ mọ́. PSD, TIFF tàbí PNG nìkan ni kí ẹ gbà. Ẹ tún kọ àwọ̀ tí ẹ lò fún ẹni ìtàn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ nínú fáìlì kan tí gbogbo ojú ìwé yóò máa wò, kí bàtà olórí ìtàn má baà yí àwọ̀ láàárín àpótí méjì, ìyẹn àwọn fírémù àwòrán tó wà lójú ìwé.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ da àwọ̀ magenta tó le sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ pa ìlà, kí ẹ sì wo ojú ìwé náà ká. Ibikíbi tí magenta bá ti yọ, ihò ni. Lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ ọn dé 400%: etí àwọ̀ gbọ́dọ̀ rí bí àtẹ̀gùn, láìsí àwọ̀ àárín kankan.

4. Ẹ yan àwọ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀, kì í ṣe fún nǹkan

Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ pé "kí ni àwọ̀ igi?" ti ṣìnà. Ìbéèrè tó yẹ ni: níbo la wà, ìgbà wo ni, ta ni kí òǹkàwé kọ́kọ́ rí nínú àpótí yìí? Fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ yan àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan àti àwọ̀ òjìji kan, kí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ sì fara mọ́ méjèèjì. Nígbà tí ìtàn bá kúrò ní ọjà ní ọ̀sán gangan wọ inú yàrá tí fìtílà nìkan ń tàn, kí òǹkàwé mọ̀ kí ó tó ka ọ̀rọ̀ kankan. Nínú ọyẹ́, ohun tó bá jìnnà máa ń ṣá, dúdú rẹ̀ kì í dúdú mọ́, funfun rẹ̀ sì máa ń pọ́n bí eruku. Ẹ lè fi ìyẹn nìkan ya iwájú kúrò lára ẹ̀yìn.

Ẹ má lo Hue/Saturation láti yọ àwọ̀ kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ́ wo ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ojú ìwé, nítorí pé yóò sọ yẹ́lò tó le àti búlúù tó le di eérú kan náà, bẹ́ẹ̀ ojú ènìyàn mọ̀ pé yẹ́lò ló mọ́lẹ̀ jù. Léyà eérú kan lókè gbogbo rẹ̀, tí a yan Color fún, ló ń sọ òtítọ́.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ tan léyà eérú yẹn, kí ẹ sún ojú ìwé sẹ́yìn títí yóò fi kéré bí sítáǹbù. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí olórí ìtàn wà nínú àpótí kan, ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò tó, àfikún àwọ̀ kò sì lè tún un ṣe.

5. Ìmọ́lẹ̀, òjìji àti àwọ̀ ara

Lórí léyà tí ẹ máa pa rẹ́, ẹ fa ọfà sínú àpótí kọ̀ọ̀kan láti fi ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ẹ fi Lasso gé òjìji lórí ẹ̀dà flats, apá kan ìmọ́lẹ̀, apá kan òjìji, kí ẹ tó ronú nípa rírọ etí rẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, tó ń fi dúdú yí etí gbogbo nǹkan ká, gbogbo ojú ló máa wú bíi bọ́ọ̀lù, ìmọ́lẹ̀ kankan kò sì ní jọ pé ó ti ibì kan wá. Ní tèmi, òjìji gígé kan tó bọ́ sí ibi tó tọ́ sàn ju ìpele mẹ́fà tó rọ̀ lọ.

Àwọ̀ ara ènìyàn dúdú ni iṣẹ́ tí mo rí tó ń bàjẹ́ jù, kódà lọ́wọ́ àwa tí à ń wo irú ara bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ènìyàn á mú àwọ̀ ara, wọ́n á fi dúdú kún un láti ṣe òjìji, wọ́n á fi funfun kún un láti ṣe dídán, ara á sì wá funfun bí ẹni tó jáde nínú eérú. Òjìji ara kì í lọ sí dúdú. Ó máa ń lọ sí pupa jíjìn tàbí elésè-àlùkò, tàbí sí búlúù bí ojú ọ̀run bá wà lẹ́yìn rẹ̀. Dídán kì í ṣe àwọ̀ ara tí a fi funfun là. Àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ gan-an ni, òféfèé ojú ọ̀run níwájú orí lọ́sàn-án, ọsàn pípọ́n lẹ́bàá iná. Ara adúmáadán ń gba dídán kékeré tó mú, tó sì tàn gan-an. Lára ẹni tó pupa, ìmọ́lẹ̀ máa ń tàn kálẹ̀, etí rẹ̀ a sì rọ̀. Ẹ má gbàgbé pé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ. Bí adúmáadán méjì bá dúró nínú òru, ẹ má sọ ọ̀kan di pupa kí a lè rí wọn. Ẹ fi ìlà ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn yí èjìká àti orí wọn ká, tàbí kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ.

Aṣọ náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ẹtù kì í ṣe dúdú, aró jíjìn ni, bí ẹ bá sì jẹ́ kó jìn tó bó ṣe wà lójú, ìlà ìṣẹ́po ẹ̀wù á sọnù sínú rẹ̀; ẹ gbé e sókè díẹ̀ títí ìlà yóò fi hàn. Sányán àti àlàárì kò le tó bẹ́ẹ̀. Fún àdìrẹ, ẹ má lẹ fọ́tò aṣọ mọ́ ẹni ìtàn láìgé e ní ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po, torí á rí pẹlẹbẹ bí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Fún ẹni tó jìnnà, àmì díẹ̀ ti tó.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ pa ìlà. Bí ojú àwọn ènìyàn bá ṣì ní ìrísí, tí ẹ sì lè tọ́ka sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá nínú àpótí kọ̀ọ̀kan láìwo ọfà, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

6. Ẹ ṣètò dúdú àti yíǹkì fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé

Bí kọ́míìkì náà bá jẹ́ ti fóònù nìkan, ẹ fi í sílẹ̀ ní sRGB, irú RGB tó wọ́pọ̀ fún ojú fóònù, kí ẹ fo ìpele yìí.

Yíǹkì mẹ́rin ni bébà ń gbà kọjá: cyan, magenta, yẹ́lò àti dúdú tí a ń pè ní K. Bí ẹ bá mú dúdú RGB, tí ẹ sì yí i sí SWOP v2 (ìlànà àwọ̀ ìtẹ̀wé Amẹ́ríkà) nínú Photoshop láìronú, á di C75 M68 Y67 K90. Ìyẹn ni pé ìlà tín-ín-rín ti di ìlà mẹ́rin tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ara wọn láìyẹ̀. Bí bébà bá yẹ̀ díẹ̀ péré, etí ìlà á pupa lápá kan, á búlúù lápá kejì.

Nítorí náà, ẹ ṣe é báyìí. Ẹ fi ẹ̀dà fáìlì pamọ́. Ẹ pa ìlà, kí ẹ sì pa àwọn léyà àwọ̀ pọ̀ di ẹyọ kan. Ẹ lo Convert to Profile láti yí àwọ̀ nìkan sí profile, ìyẹn ìlànà àwọ̀ ẹ̀rọ àti bébà, tí ilé ìtẹ̀wé fún yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá dá ìlà padà, kí ẹ sọ ọ́ di C0 M0 Y0 K100, pẹ̀lú Multiply. Ibi tí dúdú bá ti gbòòrò, bí ojú ọ̀run òru, K nìkan á rí bí eérú lórí bébà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé iye cyan tí ó fẹ́ kí ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣí Info, kí ẹ yan Total Ink, ìyẹn àròpọ̀ ìdá ọgọ́rùn-ún yíǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì máa fi atọ́ka kan àwọn ibi tó ṣókùnkùn jù. 300% ni òpin tó wọ́pọ̀ fún bébà dídán ní Amẹ́ríkà. Bébà ìwé ìròyìn kò gbà ju nǹkan bí 240% lọ. Ohun tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbẹ, á sì tẹ̀ mọ́ ojú ìwé tó kọjú sí i. Fún àwọ̀ ara, ẹ jẹ́ kí magenta àti yẹ́lò gbé e, kí cyan jẹ́ ohun tó ń jìn ín, kí K má sì pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọ̀ tó ń tàn yòò lójú kọ̀ǹpútà, pàápàá àwọ̀ ewé àti búlúù, kò ní jáde bẹ́ẹ̀ lórí bébà. Ctrl+Y ń fi bí yóò ṣe rí hàn, ó sì yẹ kí ẹ ti máa tẹ̀ ẹ́ láti ìpele kẹrin.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ṣí Channels. Nínú K, gbogbo ìlà gbọ́dọ̀ pé. Nínú cyan, magenta àti yẹ́lò, kò gbọ́dọ̀ sí ojú ìlà kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ojú ìwé tó ṣókùnkùn jù nínú ìtàn ní ilé ìtẹ̀wé oní-kọ̀ǹpútà tó wà nítòsí. Kò ní rí bákan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ ńlá, ṣùgbọ́n bí òru bá ti di ẹyọ dúdú kan níbẹ̀, ẹ mọ ohun tó ń dúró dè yín.

7. Ìfijíṣẹ́ àti owó

TIFF tí a pa léyà rẹ̀ pọ̀, tí a fi LZW fún kéré láìba àwọ̀ jẹ́, ni ẹ ó fi ránṣẹ́, àfi bí àdéhùn bá sọ pé kí PSD tó ní léyà bá a lọ. Kí orúkọ fáìlì ní orúkọ ìwé, nọ́ńbà ìwé, nọ́ńbà ojú ìwé olónọ́ńbà méjì àti ẹ̀dà: 04 máa ń jókòó síwájú 10, ṣùgbọ́n 4 lásán lè lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má kọ "final" sí orúkọ fáìlì. V1, v2 ló ń yanjú ìjà. Ẹ kó gbogbo àtúnṣe tí olóòtú bá kọ sínú ìwé kan, kí ẹ sì béèrè pé kí ó fọwọ́ sí i pé ó pé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí pé àtúnṣe tó ń wọlé ní ẹyọ ẹyọ lórí WhatsApp kò ní tán.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ojú ìwé tó kẹ́yìn ni kí ìwé owó yín jáde. Nọ́ńbà tirẹ̀, orúkọ ìwé, iye ojú ìwé, iye owó kan, àròpọ̀, àsansílẹ̀ tí a yọ, ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé, àti àkáǹtì: náírà fún ti ilé, àkáǹtì dọ́là ní báǹkì tàbí Payoneer fún ti òkèèrè. Ẹ béèrè ta ni yóò san owó ìfiránṣẹ́ kí ẹ tó kọ àròpọ̀. Ẹ pa flats mọ́ sórí dísìkì ìta, nítorí pé ilé iṣẹ́ lè padà wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó àwọn ìwé náà pọ̀ sójú kan, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ mìíràn tó ní owó tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù mìíràn ṣí líǹkì tí ẹ fi ránṣẹ́, láìwọlé sí àkáǹtì yín, kí ẹ sì gba fáìlì kan sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ ka fáìlì náà mọ́ iye ojú ìwé tó wà nínú àdéhùn. Bí ọjọ́ ìsanwó bá kọjá, ẹ tún fi ìwé owó kan náà ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ojú ìwé kankan nínú ìwé tó kàn kò sì gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín kí owó ti ìṣáájú tó wọlé, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn.